Ohun Tí Mo Rán Mọ́ Inú Tìmùtìmù

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Tíṣà, ìwọ ni mò ń bá wí, pa á. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Èyí ni ìgbà kẹta tí màá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí ẹ ti dé fún ìsinmi, ẹ ò sì jẹ́ kí n parí rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní kí n lọ dùbúlẹ̀. Lánàá, Tíṣà gbọ́wọ́ lé iwájú orí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oògùn tí wọ́n fún yín yẹn ló ń dà yín láàmú." Oògùn wo? Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, pé ó lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró nígbàkigbà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé orí mi ti dàrú. Lónìí, mo ti ti ilẹ̀kùn yàrá ìgbàlejò yìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà láyà mi níbí, ẹni tó bá láyà kó wá mú un. Mo hùwà ìkà nínú yàrá yìí ní ọdún méje sẹ́yìn, ẹlòmíì ló sì ń jìyà rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Màá sọ ọ́ tán kí n tó kú, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀.

Ẹ rántí àlùmọ́gàjí Màámi. Màámi ni télọ̀ tó kọ́ gbogbo wa níṣẹ́, àfi Tíṣà tó sá lọ sídìí ṣọ́ọ̀kì. Irin dúdú ni àlùmọ́gàjí yẹn, ó wúwo, ibi tí àtàǹpàkò Màámi ń sinmi lé fún ogójì ọdún sì ti jẹ wọnú. Tí ìsinmi bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, Màámi á fi òróró máṣíìnì nù ún, á gbé e kọ́ sórí ìṣó tó wà lára ògiri níbẹ̀ yẹn, òkè máṣíìnì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé aṣọ nínú ilé mọ́ títí gbogbo yín á fi padà síbi tẹ́ ẹ ti wá. Ó ní irin náà ní láti sinmi bí èèyàn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó kéde pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ní ní ọjọ́ kẹta ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òun máa fa àlùmọ́gàjí lé ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òun. Ta ni kò mọ̀ pé èmi ni? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí máṣíìnì kejì. Mo ti jókòó síbẹ̀ títí àga yẹn fi mọ ìdí mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màámi pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó ni màá fún." Mo ní, "Ìyàwó wo?" Àfi bíi pé ìyàwó méjì ló wà nínú ilé. Ó ní, "Ìyàwó Tíṣà. Ìwọ, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gún tó tìrẹ nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́. Ẹnu rẹ ni kò gún. Ò ń lé àwọn oníbàárà mi." Mo ní èmi ò lé ẹnì kankan. Ó ní ṣèbí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo sọ fún obìnrin kan pé kì í ṣe aṣọ ló há, òun ló sanra. Òótọ́ ni mo sọ! Ó sanra! Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín là ń sọ. Ìyàwó wa, mo rí ẹ tí ò ń wolẹ̀. O ò ṣẹ̀ mí. Ọdún mẹ́fà péré lo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà yẹn, o máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, wọ́n sì máa ń padà wá nítorí rẹ. Bí inú ṣe bí mi tó, mo jáde ní yàrá Màámi láìdágbére, mo lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń ká aṣọ gbígbẹ lórí okùn, mo tún ń sá a padà.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Àǹtí Tọpinpin fún ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Àbúrò Màámi ni. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ní yàrá kan lẹ́yìn tí wọ́n ń kó lẹ́tà tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò ṣeé kà sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wá ẹni tó ni ín. Á gbóòórùn àpò ìwé, á wo bí wọ́n ṣe lẹ sítáǹbù, á ní, "Ọlọ́wọ́ òsì ló kọ èyí, ó ń kánjú, inú sì ń bí i." Bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Awò ojú méjì ló máa ń wọ̀, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Bàtà òjò kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òòrùn ìbáà máa ràn bí iná, torí ó ní òjò kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ òun kó tó rọ̀. Bisikíìtì kún àpò kóòtù rẹ̀. Tó bá fẹ́ jókòó, á kọ́kọ́ kí àga náà. Nínú ilé tí gbogbo wa ti jẹ́ télọ̀ yìí, yàtọ̀ sí Tíṣà, òun nìkan ni kò lè ránṣọ. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán tìmùtìmù kan fún Màámi. Háà! Ojú rírán ibẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ sósì, bí ẹni tó mutí yó tó ń wá ọ̀nà ilé. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àmọ́ Màámi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un rán. Orí àga gbọọrọ yìí ló máa ń wà, Àǹtí Tọpinpin fúnra rẹ̀ ló sì máa ń jókòó lé e.

Lọ́jọ́ kejì yẹn kan náà, gbogbo yín lọ sétí òkun, Màámi náà bá yín lọ. Ẹ rántí pé ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ, torí Àǹtí Tọpinpin ń wá ẹsẹ̀ bàtà òjò rẹ̀ kan. Èmi ní orí ń fọ́ mi. Orí kankan ò fọ́ mi. Bí ilẹ̀kùn ṣe padé báyìí, mo yọ àlùmọ́gàjí lórí ìṣó. Mo kọ́kọ́ fẹ́ jù ú sí kànga, mo dé etí rẹ̀ pàápàá, ọwọ́ mi kọ̀. Mo rò ó pé kí n ṣáà gbé e pamọ́ títí ọjọ́ kẹta á fi kọjá, kí Màámi yí èrò rẹ̀ padà. Ni mo bá mú tìmùtìmù, mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, mo ti àlùmọ́gàjí wọ àárín òwú, mo sì mú abẹ́rẹ́, mo rán an pa. Ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ mi o. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n rán an wọ́gọwọ̀gọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo wo ojú rírán burúkú yẹn, ara mi kò gbà á, mo tú u, mo tún un rán dáadáa. Olè tó ń jalè lọ́wọ́, tó tún ń tún iṣẹ́ ṣe!

Ìrọ̀lẹ́ ni Màámi rí i pé ìṣó ṣófo. Ilé dàrú. Ìgbà yẹn ni mo dá ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Mo jókòó sórí àga tèmi, mo rọra sọ pé, "Ta ló lò ó kẹ́yìn ná?" Mo mọ ẹni tó lò ó kẹ́yìn. Ní àárọ̀, ìyàwó yọ ọ́ láti fi gé fọ́nrán òwú kan tó já lára aṣọ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e padà sórí ìṣó. Ojú mi ló ṣe gbé e padà! Nígbà tó ní, "Mo dá a padà, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀," mo ní èmi ò rántí. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Tíṣà, ìwọ lo lọ gbé báàgì ìyàwó rẹ wá, o da ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo wa, o ní kó lè hàn pé kò sí níbẹ̀. O rò pé ò ń gbèjà rẹ̀ ni. Ìyàwó ń ṣa aṣọ inú rẹ̀ nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sunkún, kò wo ẹnì kankan lójú. Mo ń wò ó. Mo sì jókòó.

Ni Àǹtí Tọpinpin bá ní kí gbogbo wa dákẹ́, òun máa wádìí rẹ̀. Ó kí àga, ó jókòó lé tìmùtìmù rẹ̀, ó fi awò orí kún awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ìbéèrè. Kò bi wá pé ta ló jí i. Ó ní, "Kí ni ẹsẹ̀ yín ṣe lónìí?" Ó gbóòórùn ọwọ́ Tíṣà bóyá ó ń rùn bí òróró máṣíìnì. Ó fi okùn wọn bí ìṣó ṣe ga tó sí ejìká ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí obìnrin yẹn jókòó lé ohun tó ń wá! Gbogbo ìgbà tó bá sún ìdí, èmi náà á sún tèmi. Nígbà tó yá, ó ní, "Tìmùtìmù, kí ló ṣe ọ́ lónìí tó o le báyìí?" Ó dìde, ó gbé e, ó yí i padà. Bisikíìtì tó ń jẹ dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú rírán náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó bọ́ awò méjèèjì, ó wo ọwọ́ mi. Kò wo ojú mi o, ọwọ́ mi ló wò. Ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wá bá mi gbé omi kaná."

Nígbà tá a dé ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rán ìlà gígún rí. Nínú ilé yìí, ta ni kò lè rán èyí tó wọ́, bí wọ́n bá tiẹ̀ yọ idà sí i?" Mo rò pé ó máa pariwo. Kò pariwo. Ó ní, "Inú bí ọ, mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ohun tó sọ fún ọ fún mi, ó sì dùn mí. Wọlé lọ, fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn. Á rọrùn ju kí èmi sọ ọ́. Màá jẹ bisikíìtì mẹ́fà níbí, màá rọra jẹ ẹ́, kí n tó wọlé bá ọ." Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó bu ẹyọ kan jẹ. Mo jáde. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbàlejò yìí, mo dúró. Ẹ ẹ̀ rí mi, torí ìyàwó ti gbé àpótí aṣọ rẹ̀ jáde, ó ń di ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sọ fún Tíṣà pé, "Wọ́n tú báàgì mi bíi ti olè, o sì ń bi mí pé kí ló dé tí mò ń lọ?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. Èmi ni. Ọ̀rọ̀ kékeré báyẹn! Mo la ẹnu, mo pa á dé. Mo la ẹnu, mo pa á dé. Mo gbọ́ bàtà òjò Àǹtí Tọpinpin lẹ́yìn mi.

Ó kọjá lára mi. Ó rí àpótí aṣọ, ó rí ọwọ́ ìyàwó lára ilẹ̀kùn. Kò tún dúró ro nǹkan kan. Ó gbá tìmùtìmù mú, ó fi eyín já ojú rírán náà, ó fà á ya, ó fa àlùmọ́gàjí jáde, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Èmi ni! Mo ń tún òwú inú rẹ̀ tò láàárọ̀ ká tó jáde, mo ti rán an mọ́ ọn! Ẹ wo orí èmi arúgbó yìí!" Ó kúnlẹ̀ fún ìyàwó. Obìnrin tó lé ní àádọ́rin ọdún kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Màámi bínú sí i burúkú, Tíṣà ní, "Àǹtí, ẹ ti dàgbà jù fún irú eléyìí." Ìyàwó gbé àpótí padà. Nígbà tí Màámi wá na àlùmọ́gàjí sí i lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó kúnlẹ̀ fún un, ó ní, "Màámi, ẹ ṣeun, mi ò lè fọwọ́ kan ohun tí wọ́n torí rẹ̀ tú báàgì mi." Màámi bá gbé e fún mi. Mo gbà á! Mo fọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí Tọpinpin di ẹni tó ń gbàgbé nǹkan nínú ẹbí yìí. Tó bá ní òun rí nǹkan kan, ẹ á wo ara yín. Ẹ ò fi ọmọ tì í mọ́. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn tó lè fi òórùn mọ ẹni tó kọ lẹ́tà! Mo ń wò ó, mo ń sọ fún ara mi pé màá sọ ọ́ ní ìsinmi tó ń bọ̀. Ìsinmi kan kọjá. Màámi kú. Ìsinmi kejì ti súnmọ́lé nígbà tí Àǹtí Tọpinpin wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kí àga oníbàárà, ó jókòó. Ó ní, "Bisikíìtì mi ti tán o, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Jọ̀ọ́, sọ fún ìyàwó yẹn. Ó ṣì ń fi ẹ̀gbẹ́ kan wọ ilé wa. Àwọn tó kù ò sì gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́, ó ti ń sú mi." Mo ní mo gbọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bó bá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́?

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Lọ́sẹ̀ yẹn ni Àǹtí Tọpinpin ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀, omi kún dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Ta ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Tíṣà, o pe ìpàdé ẹbí, inú yàrá yìí la jókòó sí. O ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan wà, pé wọ́n ní nọ́ọ̀sì. Àǹtí jókòó níbẹ̀ yẹn, ó ní, "Orí mi pé. Omi ni mo gbàgbé, mi ò gbàgbé ara mi." O wá yíjú sí mi, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn jù. Ohun tí ẹ bá sọ la máa ṣe. Ṣé lóòótọ́ ni orí wọn ti ń dàrú?" Gbogbo yín ń wò mí. Òun náà ń wò mí, kò sì bẹ̀ mí. Mo ní, "Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí Màámi." Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo yín mi orí. Wọ́n di ẹrù rẹ̀. Nígbà tó ń kọjá lára mi lọ sínú mọ́tò, ó fọwọ́ kan ọwọ́ mi, ó ní, "Ọwọ́ rẹ ṣì gún."

Ọdún márùn-ún rèé. Mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gba awò kejì lórí rẹ̀, wọ́n ní ọ̀kan ti tó. Wọ́n gba bàtà òjò rẹ̀. Wọ́n ní bisikíìtì kò dáa fún un. Ó sọ fún mi pé sálúbàtà àwọn arúgbó ń sọnù níbẹ̀, pé òun ti mọ̀ pé ajá ẹ̀ṣọ́ ló ń kó wọn lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, òun sì ti sọ fún nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹrin. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ jókòó." Mo lọ wo abẹ́ àtẹ̀gùn náà fúnra mi. Sálúbàtà mọ́kànlá! Mo lọ bá ọ̀gá wọn pé mo fẹ́ mú Àǹtí mi lọ sílé rẹ̀. Ó ní ẹni tó fọwọ́ síwèé nígbà tó wọlé nìkan ló lè fọwọ́ síwèé kó jáde. Tíṣà, ìwọ nìyẹn. Mo wá délé, mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹ ní oògùn ni. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà! Ohun tí mo ṣe fún un lẹ fẹ́ ṣe fún mi yìí. Mò ń sọ òótọ́, ẹ ń bá mi wá ìrọ̀rí.

Ó dáa. Tìmùtìmù Àǹtí nìyí. Abẹ́ máṣíìnì ni mo gbé e pamọ́ sí láti ọjọ́ tí àlùmọ́gàjí ti jáde nínú rẹ̀, mi ò lè jó o, mi ò sì lè tún un rán. Àǹtí kò fà á ya tán, ó ku ìka mẹ́rin. Ìyàwó wa, bọ́ síbí. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ nínú wọn. Mú un síbi tí iná wà. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó wọ́ yìí, ta ló rán an? Ẹ̀n-ẹ́n. Ìka mẹ́rin tó kù níbi tó ya yìí ńkọ́? Fọwọ́ tọ ọ́. Wo bí wọ́n ṣe so ìdí rẹ̀. Ọwọ́ ta nìyẹn? Mi ò gbọ́, sọ ọ́ sókè kí ọkọ rẹ gbọ́. Ẹ gbọ́ ọ. Ó ní ọwọ́ mi ni.

Má sunkún níbí, jọ̀ọ́, mi ò tíì tọrọ nǹkan tí mo fẹ́ tọrọ. Mo mọ̀ pé o dá àlùmọ́gàjí padà sórí ìṣó. Mo rí ẹ. Dárí jì mí tó o bá lè ṣe é, bí kò bá sì ṣeé ṣe, mi ò ní bínú, ó kéré tán màá gbìyànjú láti má bínú. Ẹ̀yin ọmọ, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe nǹkan burúkú, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tó ṣì kéré tẹ́nu yín lè gbé e. Tíṣà, ìwé ìjáde Àǹtí nìyí, báírò nìyí, kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí nìyí, kọ́kọ́rọ́ ilé Àǹtí náà nìyí, mo ti lọ gbá ibẹ̀. Fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ lọ mú un wá kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ẹ mú bàtà òjò rẹ̀ dání, ẹ sì ra bisikíìtì lójú ọ̀nà. Ẹ sọ fún un pé mo ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, pé mo ti wọlé.